Kó o tó gbé ìròyìn ìlú jáde, gba nọ́ńbà gbogbo ènìyàn ná

Okun o, àbúrò. O ní o fẹ́ dá ojú ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí Facebook fún Ìsánlú àti agbègbè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà ọ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe irú ẹ̀ ní Kàbà. Ọlọ́pàá kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru, pé àwọn darandaran ti pa àgbẹ̀ kan lọ́nà Bùnú. Ohùn obìnrin ni, ó ń sunkún. N kò pe ẹnikẹ́ni. Mo kọ ìlà mẹ́ta, mo gbé e síta, mo sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dáná sun àgọ́ darandaran méjì. Nígbà tí mo débẹ̀, ìkòkò wàrà kan ṣì wà lórí ààrò, wàrà inú rẹ̀ ti jóná mọ́ ọn nídìí. Àgbẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n pa ńkọ́? Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú. Ó wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Mọ̀pà, fóònù rẹ̀ ló kú. Ká ní mo pe àbúrò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Mo kọ ọ́ síta pé èmi ni mo ṣì í. Àgbà ìlú kan mú mi lọ bá olórí àwọn darandaran náà. Bàbá yẹn kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé o ní nọ́ńbà mi?” Mo ní rárá. Ó pè é fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan ènìyàn, n kì í gbé e jáde láì pè é. Bí kò bá gbé ìpè mi, mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pè é, àti aago tí mo pè é.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá wàyí. Abala 39 ìwé òfin 1999 fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò rẹ àti láti dá iléeṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló nílò ìwé àṣẹ. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba láti béèrè ìwé iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ kan tí pátákó rẹ̀ ní wọ́n ti parí, tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ kò sì sun ẹ̀kán kan rí. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti là á mọ́lẹ̀ pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ti Àbújá nìkan ni. Wọn ò fèsì, mo sì gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní mo rú òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala 24 òfin yẹn, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2024, ń bá ẹni tó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa wí, tó fẹ́ fi dá ìlú rú tàbí fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Mo gbé ẹ̀dà lẹ́tà mi tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kalẹ̀, mo fi àwọn ìpè tí mo pè hàn wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi mí sílẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì: bí o bá mú lẹ́tà lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba, má kúrò níbẹ̀ láì gbà á.

Bí olóṣèlú bá ní òun á máa ra dátà fún ọ, má gbà. Ìpolówó àwọn tó ń ta gàrí àti búlọ́ọ̀kù ti tó láti gbọ́ bùkátà mi.

Nọ́ńbà bàbá darandaran yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, òun ló kọ́kọ́ pè mí: màlúù òun ti wọ oko iṣu kan, kí n bá òun wá olóko.