"Ìwádìí tuntun fi hàn pé…": kí ni kí n wò kí n tó gbà á gbọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ìwádìí tuntun fi hàn pé" ránṣẹ́ sí mi. Bí ti òní bá dá lórí ìràwọ̀, ti ọ̀la á dá lórí gbèsè ìjọba, ti ọ̀tunla á ní hóró oògùn kan ń lé jẹjẹrẹ sá. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, amusìgá paraku, ti ń lo kápúsù beta-carotene (èròjà kan tó wà nínú èso àti ẹ̀fọ́) báyìí, torí ó kà á níbì kan pé kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ mú ẹ̀dọ̀fóró. Èmi kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì. Kí ni mo lè fi mọ èyí tó ṣeé gbà gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n yín kúrò nílẹ̀, torí òun ni kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n dáwọ́ kápúsù yẹn dúró, kí wọ́n sì lọ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ti dán an wò lára amusìgá bíi tiwọn. Ní ilẹ̀ Fínláńdì, àwọn olùwádìí kó ọkùnrin amusìgá 29,133 jọ, wọ́n sì fi kèké pín wọn: àwọn kan ń lo beta-carotene, àwọn kan kò lò ó. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú 100 pọ̀ jù láàárín àwọn tó lò ó. Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú èèyàn tó lé ní 18,000, tí wọ́n fi fítámì A kún un. Oṣù Kìíní ọdún 1996 ni wọ́n dá a dúró láìtíì pé àsìkò, torí pé àwọn tó ń lo oògùn ni àrùn náà ń mú jù, ó fi ìdá 28 nínú 100 lé.

Kì í ṣe pé ẹni tó kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kà ń parọ́ o. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ìwádìí ti rí i pé àwọn tó ń jẹ èso àti ẹ̀fọ́ dáadáa kì í sábà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa lè má mu sìgá tó ẹnìkejì rẹ̀. Ó lè máa ṣe eré ìdárayá, ó sì lè máa tètè lọ sí ilé ìwòsàn. Èwo nínú gbogbo rẹ̀ ló ṣiṣẹ́? Wíwò lásán kò lè sọ fún wa. Kèké ló lè sọ ọ́, torí kèké kò mọ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀fọ́. Bí èèyàn bá ti pọ̀ tó, olówó àti tálákà, ẹlẹ́gẹ́ àti alára líle, gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ pín dọ́gba sí apá méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá wá yọ lẹ́yìn náà, ọrùn oògùn ló wà.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ara èèyàn, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò ni pé: ṣé wọ́n kàn ń wo àwọn èèyàn lókèèrè ni, àbí wọ́n fi kèké pín wọn? (Bó bá sì jẹ́ eku ni wọ́n lò, mi ò tiẹ̀ bá ọ̀rọ̀ lọ síbẹ̀ rárá.) Ẹ rántí ìgbà COVID-19. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Faransé, aláìsàn 36 péré, kò sí kèké, ó ní hydroxychloroquine, oògùn ibà, ń ṣiṣẹ́. Ariwo gba gbogbo ayé. Ìwádìí RECOVERY ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá fi kèké pín ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn, oògùn yẹn kò sì dín iye àwọn tó ń kú kù. RECOVERY kan náà ló rí i pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pariwo lé lórí, ń gba ẹ̀mí là. Nínú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń báni mí, nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 ló kú nínú àwọn tí kò gbà á, ìdá 29 nínú àwọn tó gbà á. Àwọn tí kò nílò ọ́síjìn kò rí àǹfààní kankan nínú rẹ̀. Ti ìwé Faransé yẹn, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde fagi lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún márùn-ún.

Kí ẹ má baà rò pé iṣẹ́ wa kò ju ká máa bu omi tútù sí i lọ: abẹ́rẹ́ lenacapavir, tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti dènà kòkòrò HIV, ni wọ́n fi kèké dán wò ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà. Nínú 2,134 ọ̀dọ́mọbìnrin tó gbà á, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kó HIV nínú àbájáde tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2024. Irú èyí ni mo máa ń jókòó kà tìdùnnú-tìdùnnú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó bá dá dúró. Bí wọ́n bá ní nǹkan kan fi ìdá 18 dá kún ewu àrùn kan, ẹ bi wọ́n pé, "Kún èló?" Ká ní èèyàn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà ń mú tẹ́lẹ̀, wọ́n á di bí i mẹ́fà. Ìyẹn kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ, àmọ́ kì í ṣe ohun tí àkọlé ìròyìn fi ń dẹ́rù bani.

Ẹnikẹ́ni ò lè ṣẹ́ kèké fún ìràwọ̀. Onífísíìsì kì í kéde pé òun ti rí nǹkan àfi bí ìṣirò bá fi hàn pé, ká ní nǹkan náà kò sí, irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kò lè ṣèèṣì yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Sigma márùn-ún ni wọ́n ń pè é. Ó le bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò tó. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, ẹgbẹ́ onífísíìsì kan tó ń jẹ́ OPERA kéde pé àwọn neutrino (ègé ohun tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí) tí wọ́n ń rán láti CERN, ilé ìwádìí físíìsì nítòsí Geneva, lọ sí ilé ìwádìí Gran Sasso ní ilẹ̀ Ítálì, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 730, fi 60 nanosecond (ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá ni nanosecond kan) ṣáájú ìmọ́lẹ̀ débẹ̀. Ìṣirò wọn kọjá sigma mẹ́fà! Nígbà tó máa fi di oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé okùn fáíbà tó ń gbé àkókò GPS wọ inú aago ẹ̀rọ wọn kò wọlé dáadáa. Okùn kan ṣoṣo. Ìṣirò kì í rí okùn tó tú. Aago ẹlòmíràn ló ń tú u fó. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn ní Gran Sasso náà wọn neutrino lọ́dún 2012, wọn kò sì yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ: ìrìn wọn àti ti ìmọ́lẹ̀ bára mu. Mo yìn ẹgbẹ́ yẹn, torí àwọn fúnra wọn ló ké sí ayé pé kí wọ́n bá àwọn wá àṣìṣe náà.

Ẹ wá fi wé LIGO, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìgbì òòfà tó ń ti ojú sánmà wá. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ̀rọ méjì tó fi nǹkan bíi kìlómítà 3,000 jìnnà síra gbọ́ ìgbì kan náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Wọn ò sì sọ fún aráyé títí di oṣù Kejì ọdún 2016. Ní tòótọ́, ìdákẹ́ oṣù márùn-ún yẹn wúni lórí ju ìkéde lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ DESI, àwọn tó ń ya àwòrán ibi tí àwọn ìdìpọ̀ ìràwọ̀ wà, ní agbára àìrí tó ń ti àgbáńlá ayé gbòòrò dà bí èyí tó ń rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má tíì gbé e pọ̀n. Nínú ohun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àárín sigma 2.8 sí 4.2 ló wà, gẹ́gẹ́ bí ìsọfúnni tí wọ́n bá lò mọ́ ọn. Ó ń wuni gbọ́, àmọ́ kò tíì dé ibi tó ń lọ.

Ti ètò ọrọ̀ ajé ló ń kó mi láyà jù, torí kò sẹ́ni tó lè fi kèké pín àwọn orílẹ̀-èdè, kó ti apá kan sínú gbèsè wò. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff kọ̀wé pé orílẹ̀-èdè tí gbèsè rẹ̀ bá kọjá ìdá 90 nínú 100 ohun tó ń pèsè lọ́dún, ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé rẹ̀ lọ́dún á rẹlẹ̀ sí ìdá -0.1 nínú 100 ní ìpíndọ́gba. Àwọn olóṣèlú gbé e kiri nígbà tí wọ́n ń gé ìnáwó. Lọ́dún 2013, Thomas Herndon, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, gba fáìlì Excel wọn lọ́wọ́ wọn, ó sì rí i pé ìlà ìṣirò kan fo orílẹ̀-èdè márùn-ún. Nígbà tí òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ tún un ṣe, tí wọ́n sì tún àwọn nǹkan mìíràn wò nínú rẹ̀, ìdá 2.2 nínú 100 ni wọ́n rí. Àwọn tó kọ ọ́ gbà pé àwọn ṣì í ní Excel, wọ́n ṣì ní gbèsè ńlá máa ń bá ìdàgbàsókè tó lọ sílẹ̀ rìn, àmọ́ ẹnu ààlà 90 yẹn kò le mọ́. Nínú ìwé ọrọ̀ ajé, ohun tí mo máa ń wá ni pé: ṣé wọ́n gbé ìsọfúnni wọn síta kí ẹlòmíràn lè tún un ṣírò? Bí wọ́n bá dì í mú sọ́wọ́, èmi náà á di ìgbàgbọ́ mi mú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Kí ẹ má baà máa ka gbogbo èyí ní gbogbo ìgbà, ọ̀nà àbùjá wà. Bí ìjápọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá gbé yín lọ sí arXiv tàbí medRxiv, àwọn ìkànnì tí olùwádìí ń kọ́kọ́ gbé ìwé wọn sí, ẹ mọ̀ pé àwọn akẹgbẹ́ wọn lè má tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ ti ìlera, ẹ lọ sí Cochrane: gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n máa ń kó jọ wọ̀n, wọ́n á sì fi èdè tó yéni kọ àkópọ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí kò bá dárúkọ olùwádìí, ọdún tàbí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi kì í tiẹ̀ wá a kiri. Mo máa ń pa á rẹ́ ni.