Ayálégbé kò sanwó, kò sì kó jáde: kí ni onílé lè ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ okun o, lọ́yà. Abuja ni mo ń gbé, mo sì kọ́ ilé kan sí Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń bá mi gba owó ilé. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021. Àgíríìmẹ́ǹtì ọdún kan la ṣe, a kò ṣe òmíràn mọ́, àmọ́ ọdọọdún ló ń san owó ní oṣù kìíní. Owó 2024 ló san kẹ́yìn. Àbúrò mi ní òun fẹ́ ká páànù orí ilé náà kúrò, tàbí kí òun fi ọlọ́pàá mú un. Ẹnìkan tún sọ fún mi pé ìwé ọjọ́ méje ti tó láti lé e. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Okun o. Ẹ pe àbúrò yín lónìí, kí ẹ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan páànù yẹn. Ilé yín ni, owó yín ló sì wà lọ́rùn ọkùnrin náà, mo mọ bó ṣe ń dunni tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fúnra yín fi sílé, ilé ẹjọ́ nìkan ló láṣẹ láti mú un jáde. Nínú ẹjọ́ Iheanacho àti Uzochukwu lọ́dún 1997, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ: ìwé kí-o-kó-jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ìwé ọjọ́ méje tó ń sọ fún un pé onílé ń lọ sí kọ́ọ̀tù láti gba ilé rẹ̀, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́. Ká páànù o, yọ ilẹ̀kùn o, já wáyà iná o, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, gbèsè tó jẹ yín kò sì ní dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti ní kí ẹ san owó ìtanràn fún un.

Ti ọlọ́pàá kò gùn rárá. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ lásán.

Ẹni tó sọ ti ọjọ́ méje kò purọ́, ọ̀rọ̀ yín ni kò bá mu. Bí àdéhùn bá ní ọjọ́ tó parí, tí ọjọ́ náà pé, tí ẹ kò sì gba owó mìíràn, ìwé ọjọ́ méje ti tó kí ẹ tó lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀yin ń gba owó lọ́dọọdún lẹ́yìn tí àdéhùn 2021 parí, ayálégbé ọlọ́dọọdún ló sì ti dà. Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ìgbà tí owó ilé ń wọlé ni òfin fi ń mọ irú ayálégbé tí ènìyàn jẹ́. Ẹni tó ń san lóṣooṣù ní yàrá kan ní Isanlu tàbí Egbe, ìwé oṣù kan ni tirẹ̀. Ti ọlọ́dọọdún jẹ́ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí ẹ bá ti kọ iye mìíràn sínú àgíríìmẹ́ǹtì. Nítorí náà, ẹ wá ìwé 2021 yẹn jáde kí ẹ kà á dáadáa.

Ọjọ́ tó wà nínú ìwé kí-o-kó-jáde (nótíìsì) ni ó máa ń ba ẹjọ́ onílé jẹ́ jù. Ọdún ọkùnrin yìí ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó sì ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Kí ìwé oṣù mẹ́fà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kí oṣù kẹfà tó parí, kí ó sì sọ pé ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ni kó kó jáde. Bí ẹ bá jẹ́ kí oṣù keje wọlé, oṣù mẹ́fà náà yóò ya wọ ọdún tuntun, lọ́yà rẹ̀ yóò sì ní kí ẹ dúró di ìparí ọdún yẹn. Lóòótọ́, nínú ẹjọ́ Pillars àti Desbordes ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bẹnu àtẹ́ lu ayálégbé tó ń fi àbùkù inú nótíìsì jókòó sínú ilé onílé. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ìwé yín pé sàn ju kí ẹ máa fi ẹnu jà á ní kọ́ọ̀tù lọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Okun tó ń gbé l'Ékòó máa ń gbé òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti 2011, wálé. Èkó nìkan ni òfin yẹn ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò yín ńkọ́? Ẹ kọ ìwé àṣẹ fún un, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ṣáájú ti nótíìsì. Bó bá jẹ́ lọ́yà ló máa kọ nótíìsì, òun náà gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ yín ṣáájú. Lẹ́yìn tí nótíìsì bá ti jáde, kí àbúrò yín má ṣe gba owó ilé fún ọdún tuntun kankan, torí ayálégbé lè sọ pé ẹ ti gbà á padà. Gbèsè tó wà nílẹ̀ lè wọlé, ṣùgbọ́n kí rìsíìtì sọ ọdún tí owó náà wà fún.

Bí ọjọ́ bá pé tí kò lọ, ẹ fún un ní ìwé ọjọ́ méje, kí ẹ sì gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù májísíréètì ní Kabba. Ẹ béèrè ilé, ẹ béèrè gbèsè, ẹ sì béèrè owó gbogbo ọjọ́ tó bá fi gbé ibẹ̀ títí yóò fi kó jáde. Kí àbúrò yín ní ẹlẹ́rìí nígbà tó bá ń fún un ní ìwé kọ̀ọ̀kan, kó gba ìbuwọ́lù rẹ̀ sórí ẹ̀dà kan, kó sì fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí yín ní Abuja.