Nginx ò start mọ́: ẹ fi fọ́ọ̀mátì sílẹ̀ ná

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Server Ubuntu tí à ń lò nílé-ìwé wa, àtìgbà tí iná ti lọ tó tún dé lánàá ni nginx, ètò tó ń gbé sáìtì wa jáde, ò ti start mọ́. Mo ti yọ ọ́, mo tún un install lẹ́ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ń já sí, "Job for nginx.service failed" ló ń kọ. Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni, ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí fáìlì wa ò fi ní lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò, mi ò ní kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ́ọ̀mátì o, torí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń ṣe server yín. Ọ̀rọ̀ "fọ́ọ̀mátì ẹ̀" yìí ti sú mi. Mo dé ilé-ìwé kan rí tí wọ́n ti fọ́ọ̀mátì tán kí n tó dé, àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé ọdún mẹ́ta ti lọ ráúráú, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo ló sọnù nínú fáìlì, ta ló fẹ́ mọ̀ báyìí?

"Job for nginx.service failed" tó kọ síwájú ẹ yẹn ò tíì sọ ohun tó ṣe é, ó kàn sọ pé ó kọ̀ ni. Àmọ́ ó sọ ibi tó o ti máa kà á, àwa la kì í kà á. Tẹ èyí, kó o lè rí àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀:

sudo journalctl -xeu nginx.service

Bó o ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, tó o bá rọra kà á, wà á rí "bind() to 0.0.0.0:80 failed", pẹ̀lú "98: Address already in use". Pọ́ọ̀tù 80 ni ẹnu ọ̀nà tí bíráúsà máa ń kàn tí àdírẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú http, nginx dé ibẹ̀, ó bá ẹlòmíì tó ti jókòó. Lórí Ubuntu, Apache, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí nginx ń ṣe, ló sábà máa ń jẹ́. O lè ní ẹ ò install Apache rí, àmọ́ tẹ́nì kan bá ti tẹ "apt install php" níbẹ̀ rí, ó máa ń fa Apache wọlé tẹ̀lé ara ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn Apache ò lè start torí nginx ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó kíyè sí i, ó ṣáà ti wà lára àwọn tó máa gbéra nígbàkígbà tí server bá tàn. Iná wá lọ, iná dé, Apache ló kọ́kọ́ débẹ̀.

Ṣó o ti wá rí i pé bó o yọ nginx lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò lè lé Apache kúrò? Ayálégbé tó wà nínú yàrá ò ní jáde torí pé ẹni tó ń bọ̀ lọ pààrọ̀ aṣọ. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ fáìlì ló bà jẹ́, "apt remove" kì í kó ohun tó wà ní /etc/nginx, àṣìṣe àná ló máa bá ẹ níbẹ̀. Jọ̀ọ́, má tẹ "purge" o, ìyẹn máa pa gbogbo ètò tẹ́ ẹ ti ṣe síbẹ̀ rẹ́.

Wo ẹni tó jókòó síbẹ̀:

sudo ss -ltnp | grep ':80'

Tó bá kọ apache2, kọ́kọ́ bi gbogbo ẹni tó ń lo server yẹn bóyá sáìtì kankan wà lórí ẹ̀, torí mi ò sí níwájú ẹ̀rọ yín, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. Da fáìlì yín sórí dísíìkì míì ná. Tí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó, tẹ "sudo systemctl disable --now apache2", kó o wá start nginx.

Tí pọ́ọ̀tù bá ṣófo, "sudo nginx -t" máa sọ fáìlì àti ìlà tó ní àṣìṣe fún ẹ. Fi "df -h" wò ó bóyá dísíìkì ti kún. Má sì máa tẹ restart léraléra o, tó bá ti tó ẹ̀ẹ̀márùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, systemd, ìyẹn ètò tó ń tan nginx àtàwọn yòókù, ò ní dá ẹ lóhùn mọ́ fúngbà díẹ̀, wà á tún rò pé wàhálà tuntun ló dé.

Tí kò bá lọ, da ohun tí journalctl kọ ránṣẹ́ sí mi, gbogbo ẹ̀ o, má gé e, ṣùgbọ́n yọ password kúrò níbẹ̀. Kẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fọ́ọ̀mátì yẹn má sì fọwọ́ kan server náà títí màá fi rí i.