Àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ (TB) wà lára mi, ṣùgbọ́n ara mi le. Ṣé mo ti ní àrùn náà nìyẹn?

Kò tíì dájú. Kí kòkòrò wà lára yàtọ̀ sí kí àrùn mú ènìyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ọmọ ogun ara á ká kòkòrò náà mọ́ ibi kan, kòkòrò náà á sì sùn síbẹ̀ láìkú. Ẹni tó wà nípò yìí kì í wúkọ́, kì í rù, kò sì lè kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ má wulẹ̀ ya abọ́ sọ́tọ̀; abọ́ kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀nà tí TB ń gbà ràn, afẹ́fẹ́ ni.

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn ayé ló ti kó kòkòrò yìí. Láìlo oògùn, bíi 5 sí 10 nínú 100 wọn ni àrùn náà máa mú lọ́jọ́ iwájú, pàápàá láàárín ọdún 2 àkọ́kọ́. Ewu náà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ní HIV, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ara kù.

Àyẹ̀wò awọ ara tàbí ti ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ bóyá kòkòrò lásán ló wà lára yín tàbí àrùn ti mú yín. Ẹ ya àwòrán àyà. Bí ẹ bá ń wúkọ́, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín wò. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé kò tíì di àrùn ni wọ́n tó lè fún yín ní oògùn ìdènà, bíi isoniazid lójoojúmọ́ fún oṣù 6. Bí ẹni tó ti ní àrùn gan-an bá ń lo ẹyọ oògùn kan yìí, kò ní tó o, kòkòrò sì lè di èyí tí oògùn náà kò ràn mọ́.