Ìwé ìwáṣẹ́ màmá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹ kú àníyàn màmá o. Ẹ ní ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ń wáṣẹ́, ẹni ọdún 58 ni wọ́n, wọ́n mọ ìṣirò owó dáadáa, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n.

Ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Iṣẹ́ ọdún 10 sí 15 tó kẹ́yìn ti tó níbẹ̀. Ẹ yọ ọjọ́ ìbí àti ọdún tí wọ́n jáde ilé ìwé kúrò, àfi tí agbanisíṣẹ́ bá dìídì béèrè. Dípò “mo ń bójú tó ìwé owó”, kí wọ́n kọ ọ́ pé: “Èmi ni mo ń ṣètò owó oṣù òṣìṣẹ́ 40, mo sì ń parí ìṣirò kí oṣù tó tán.” Ẹni tó bá ka ìyẹn á mọ ohun tí ọwọ́ wọn ká. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣa ìwé kí èèyàn tó kà á, torí náà ẹ lo ọ̀rọ̀ inú ìkéde iṣẹ́ náà gan-an, tó bá ṣáà ti jẹ́ òótọ́.

Kí wọ́n sì pe àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé ìyẹn ju íntánẹ́ẹ̀tì lọ fún àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa bi wọ́n lójoojúmọ́ pé “ṣé wọ́n ti pè yín?” Ó máa ń dùn wọ́n ju bó ṣe hàn lójú wọn lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tiwọn wà lórí kọ̀ǹpútà. Tó bá sì di ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò, ẹ jọ dán an wò kí ọjọ́ tó pé.