Èsì: Òbí ga, ọmọ kúrú, ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í darúgbó?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní báwo ni òbí tó ga ṣe ń bí ọmọ tí gíga rẹ̀ kò ní ju bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ, àti pé ṣé òótọ́ ni irú wọn kì í darúgbó. Àìsàn Laron lẹ ń béèrè nípa rẹ̀, àìsàn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ọmọ ga.

Méjì-méjì la ń jogún jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú ara tó ń pinnu bí a ṣe máa rí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ẹyọ kan bá bàjẹ́ lára òbí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ga dáadáa. Ọmọ tó bá gba méjèèjì tó bàjẹ́ ni àìsàn Laron ń mú. Họ́mónù ìdàgbàsókè, èròjà inú ara tó ń ránṣẹ́ pé kí ọmọ dàgbà, kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ tó ń jẹ́, kò sì lè pèsè IGF-1, họ́mónù mìíràn tó ń mú egungun gùn. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ họ́mónù náà kì í fi í ràn wọ́n. IGF-1 gan-an ni wọ́n ń gún fún ọmọdé.

Ní Loja, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà, Dókítà Jaime Guevara-Aguirre fi ọdún 22 tẹ̀ lé ènìyàn 99 tó ní àìsàn náà. Nínú ìwádìí tí òun àti Valter Longo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣèwádìí nípa ọjọ́ ogbó, gbé jáde lọ́dún 2011, ẹnì kan ṣoṣo ló ní jẹjẹrẹ, kò sì pa á. Kò sẹ́ni tó ní àtọ̀gbẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn sanra! Láàárín ẹbí wọn tó ga, nǹkan bí 17 nínú 100 ló ní jẹjẹrẹ.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń darúgbó o. Awọ ojú wọn tiẹ̀ tètè ń hunjọ. Eku inú yàrá ìwádìí tó ní irú jíìnì yìí ló ń pẹ́ láyé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ; ní ti àwọn tó ní àìsàn náà ní Loja, jàǹbá, ọtí àti gìrì ń pa wọ́n. Ó ń dùn mí tí àwọn ènìyàn bá ń pè wọ́n ní ẹni tí kì í kú.