Ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́: èsì sí ìbéèrè yín

Arákùnrin mi, ẹ ní ẹ sọ̀rọ̀ burúkú sí Ẹ̀mí Mímọ́ nígbà tí inú ń bí yín, ẹ ò sì rí oorun sùn mọ́. Ẹ ń bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì nìyẹn. Rárá o.

Ẹ ka Mátíù 12 láti ẹsẹ 22. Jésù wo ọkùnrin afọ́jú tó tún yadi sàn; ó ríran, ó sì sọ̀rọ̀. Àwọn Farisí, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Júù kan, gbọ́ ọ, wọ́n ní agbára Béélísébúbù, olórí àwọn ẹ̀mí èṣù, ni Jésù ń lò. Máàkù 3:30 wá sọ ìdí tí Jésù fi kìlọ̀ pé ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́ kò ní ìdáríjì: wọ́n ń sọ pé ó ní ẹ̀mí àìmọ́. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pe iṣẹ́ Ọlọ́run ní iṣẹ́ èṣù ni.

Àǹtí mi kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀. Odindi ọdún kan ni kò fi jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Pásítọ̀ wọn bá a níbi tó ti ń gúnyán, ó fi ìka lé ẹsẹ 30 yẹn, ó ní kó kà á sókè. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bú sẹ́kún.

Pọ́ọ̀lù náà pe ara rẹ̀ ní asọ̀rọ̀ òdì nínú 1 Tímótì 1:13, ó sì rí àánú gbà. Lójú tèmi, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti yigbì bíi ti àwọn Farisí wọ̀nyẹn kì í sunkún béèrè ìdáríjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín lónìí, kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un.